Ẹ Má Da Páálí Yẹn Nù

Ẹ má da páálí yẹn nù.
Páálí fìríìjì Àlàájà Sùwébátù ni.
Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti mu omi, ìyókù ṣì le bí ọgbà.
Ẹ wọ́ ọ wọlé fún mi,
mo fẹ́ fi kọ́ ìlú.

Ọjọ́ Sátidé, ní Kétu, lẹ́yìn Àkàbà Ìdènà.
Ọmọ mẹ́fà yí mi ká bí ẹyẹ ti í yí ọkà ká,
abẹ́rẹ́ ńlá kan ṣoṣo, à ń yá a lọ́wọ́ ara wa.
Tíṣà wọn ní kí wọ́n wọ aṣọ ayé àtijọ́ wá lọ́jọ́ Jímọ̀,
ayé ìgbà tí odi yí ìlú yìí po,
tí ẹnikẹ́ni kì í wọlé láìkí oníbodè.
Tíṣà kò sọ ibi tí a ó ti rówó aṣọ.

Mo bá tú abẹ́ tábìlì ìdáná mi.
Ìdérí agolo tòmátì, ogójì:
mo fi òkúta họ etí wọn kó má gé ọmọ lọ́wọ́,
mo fi ìṣó lu wọ́n, a fi okùn lailọ́ọ̀nù so wọ́n pọ̀,
wọ́n di ẹ̀wù irin lára Ọdẹ́wálé.
Ó mira, ó dún bí òjò àkọ́rọ̀ lórí páànù.
Kẹ́ẹ̀gì òróró tó ti ń jò, mo fi ọ̀bẹ gbígbóná là á sí méjì:
àṣíborí nìyẹn.
Àmọ́ òórùn òróró kò jẹ́ kí jagunjagun wa gbádùn.
"Ìyá àgbà, ṣé bí ogun ṣe ń rùn nìyí?"
Mo ní, ó burú jù báyìí lọ.
N kò sọ jù bẹ́ẹ̀.
Ìyá ìyá mi náà kò sọ jù bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ráfíátù ni ayaba.
Nẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀fọn ti borí rẹ̀ ló ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀,
ìdérí ìgò bíà, ọgọ́ta ó lé mẹ́ta, ni ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀.
Bàbá rẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé, ó wo ìlẹ̀kẹ̀ náà títí,
ó ní, "Ẹ yí ibi tí wọ́n kọ orúkọ sí sí abẹ́."

Ọmọkùnrin mẹ́ta ló fẹ́ jọba.
Adé kan ṣoṣo ni àpò sìmẹ́ńtì tó.
Wọ́n fà á, adé ya,
eruku sìmẹ́ńtì bo gbogbo wa lójú,
a di arúgbó pọ̀.

Ìgbà náà ni Àyọ̀ká, tó kéré jù,
tí ọ̀rọ̀ máa ń há lẹ́nu rẹ̀ bí eegun ẹja,
tọ́ka sí páálí.
"Ì-ìlẹ̀kùn. Èmi ni ìlẹ̀kùn."
Kì í ṣe oníbodè o. Ìlẹ̀kùn gan-an.

Mo gé ojú méjì sí i, mo gé ihò apá.
Erùpẹ̀ pupa tí mo pò mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná la fi kùn ún,
ìdí ife la fi tẹ orí ìṣó sí i, pẹ̀lú èédú.
Ó wọnú rẹ̀, ó lọ dí ẹnu ọ̀nà wa pa.

Ọba tí adé rẹ̀ ya kọ́kọ́ dé.
"Ṣílẹ̀kùn!"
Ìlẹ̀kùn dákẹ́.
"Mo ní ṣílẹ̀kùn! Kí lo fẹ́?"
"Kí," ni ìlẹ̀kùn wí. "Kí. Kí.
Kí mi ná."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Ọba wo jagunjagun, jagunjagun wo ayaba.
Lẹ́yìn náà ni ọba dọ̀bálẹ̀ nínú eruku.

Ọkọ mi ti oko dé lálẹ́, ó rẹ̀ ẹ́,
ọmọ ti sùn, páálí ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà.
"Ta ló kó ẹrù síbí?"
Mo wà nínú ilé, mò ń fọ gọ́ọ̀mù kúrò ní èékánná.
Mo ní, "Kí i ná."
Ó pẹ́ díẹ̀.
Mo gbọ́ tó gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀,
mo gbọ́ tó wúkọ́,
tó ní, "Ẹ kú ilé o."