Ìbọ̀wọ́ Veikka

Ní Oulu, oòrùn oṣù Kejìlá a máa yọjú
bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó.
Aago mẹ́sàn-án ti lù, ilẹ̀ kò tíì mọ́.
Ọmọ méjìlá ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ìbọ̀wọ́ mẹ́rìnlélógún, àfi èyí tó sọnù lánàá.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo dé láti kọ́ṣẹ́.
Ìwé ẹ̀rí kan wà lápò mi,
mo sì ń yára bí ẹni tí òjò ń lé.
Mo fa ṣòkòtò yìnyín Aatu sókè,
mo fa síìpù Helka dé àgbọ̀n,
ó wá kan Veikka, ọmọ ọdún mẹ́ta.
Mo já ìbọ̀wọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.
Ẹkún tirẹ̀ kì í pariwo;
ètè ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń gbọ̀n.

Marjukka ò bá mi wí.
Ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ
(ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ń kúnlẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ),
títí ojú rẹ̀ fi bá ojú ọmọ náà dọ́gba.
Ó dá ìbọ̀wọ́ padà fún un.
"Àtàǹpàkò ń wá yàrá tirẹ̀," ló wí,
ó wá kó ọwọ́ ara rẹ̀ sẹ́yìn
bí ẹni so ewúrẹ́ kó má baà dé ìdí iṣu.

A dúró.
Àtàǹpàkò wọ yàrá ọmọdìnrín. Ó jáde.
A dúró. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi nínú ẹ̀wù òtútù.
Helka ń kọ orin kan tí kò ní ìparí.
Aatu ní òun fẹ́ tọ̀.
A bọ́ Aatu. A tún Aatu wọ̀.
Mo ń rò ó nínú mi pé àgbàlagbà
tí ọwọ́ rẹ̀ kò wọ kèrègbè,
kí ló tún ń wá nínú ìbọ̀wọ́ ọmọdé?

Nígbà tó wọlé, Veikka kò rẹ́rìn-ín.
Ó gbé ọwọ́ sókè, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn,
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé.
Marjukka kò pàtẹ́wọ́.
"O wá a, o sì rí i." Ó tán.

Níta, yìnyín ń ké lábẹ́ bàtà.
Ìka mi ti kú, ìbọ̀wọ́ tèmi kọ̀, kò wọlé,
mo ń bá a jà, mo ń fi eyín fà á.
Veikka wá dúró níwájú mi.
Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn,
ó gbójú sókè,
ó ń dúró dè mí.