Ìwé Ìwọ̀n

Ogún ọdún ó lé ni mo ti ń wọn ìbàdí ọkùnrin ní Kàbà,
téèpù lọ́rùn, ṣọ́ọ̀kì létí.
Ìwé ìwọ̀n mi mọ ohun tí ìyàwó wọn ò mọ̀:
Abẹ́jìdé, méjìlélọ́gbọ̀n nígbà tó gbéyàwó,
ogójì nígbà tó di bọ́sà,
mẹ́rìnlélógójì lọ́dún tó kọjá.
"Fi àyè sílẹ̀ díẹ̀ sí i," ni gbogbo wọn ń wí,
mo sì ń fi àyè sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń wọn télọ̀.

Nígbà tí mò ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ,
ó kéré tán, orúnkún mi ń lọ sókè sódò.
Mo ra oníná, ẹsẹ̀ fẹ̀yìn tì.
Mo jókòó, mò ń rán, mò ń mu mínírà
títí òùngbẹ fi ń jí mi lóru,
tí mò ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.
Mo ní ooru ni.

Nọ́ọ̀sì Fẹ́híntọlá gún mi níka,
ẹ̀jẹ̀ bíńtín, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.
Ó wo ẹ̀rọ, ó wo ikùn mi,
ó yọ téèpù lọ́rùn mi, ó fi wọ̀n mí.
Kò pe nọ́mbà náà. Ó ní kí n kà á fúnra mi.
"Oògùn rèé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ ni ìdajì rẹ̀.
Máa rìn débi tí wàá ṣì lè sọ̀rọ̀,
tó ò ní lè kọrin."

Àfẹ̀mọ́júmọ́, ọyẹ́ ń já bọ̀ látorí òkè,
ọ̀nà Iyàrá dúdú bí inú àpótí aṣọ.
Obìnrin kan tó ru igi ìdáná yà mí sílẹ̀:
"Okun o, bàbá!"
Kò tilẹ̀ mí hẹlẹ.
Ìtìjú ló gbé mi délé, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Mi ò ní purọ́, mo kórìíra rẹ̀.
Orúnkún mi ń han bí ìlẹ̀kùn tí kò rí gírísì.
Ajá Ọbájẹ́mú lé mi lẹ́ẹ̀mejì;
ọjọ́ méjèèjì yẹn nìkan ni mo sáré lóòótọ́.

Síbẹ̀ nǹkan kan ń lọ lábẹ́ awọ tí mi ò rí,
bíi pé iṣan itan ṣílẹ̀kùn,
tí ṣúgà tó ń rìn gbéregbère nínú ẹ̀jẹ̀ wọlé,
tí wọ́n fún un níṣẹ́ ṣe.
Mo wá ń sùn. Mò ń tọ̀ lẹ́ẹ̀kan.
Nọ́mbà Nọ́ọ̀sì ti wálẹ̀,
kò tíì dé ibi tó fẹ́.

Lánàá, Abẹ́jìdé tún gbé ṣòkòtò wá.
Mo tú ojú rírán rẹ̀ wò:
kò sí àyè kankan tó kù tí mo lè tú.
Mo dá a padà fún un. Mo ní,
"Aago márùn-ún, iwájú ṣọ́ọ̀bù. Wọ bàtà."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lé lórí márùn-ún.
Mo ṣì ń dúró dè é nínú òtútù,
mò ń tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú kan,
bí ìgbà tí mo ṣì ní ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀.