Ihò Kẹrìnlá

Aago márùn-ún ìdájí, létíkun Fife,
Murdo Geddes ti dórí pápá.
Ó gbẹ́ ihò tuntun, ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré sí kòtò iyanrìn,
ó gé koríko títí ó fi dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

Kòtò àtijọ́ kan wà lápá òsì
tí bàbá bàbá rẹ̀ fi ṣọ́bìrì gbẹ́
láyé ọ̀pá onígi.
Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù kọjá rẹ̀ nígbà náà,
odidi ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ròyìn rẹ̀ nílé ọtí.
Lónìí, bọ́ọ̀lù ń fò ó dá
bí ọmọdé tí kò kí àgbà.

Ni wọ́n bá ti ojú ìgbá sẹ́yìn, wọ́n tún tì í,
ó ku díẹ̀ kó wọ ọgbà àgùntàn Effie Rintoul.

Lasse Brandvold dé láti Norway,
ọ̀pá rẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́, orí ọ̀pá tóbi bí àgbọn;
ẹ̀rọ ti wọn gbogbo ìfì apá rẹ̀.
Gbàù!
Murdo rẹ́rìn-ín sínú ife tíì.

Ó ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà.
Lasse tọ́ bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ bí ẹni ń jí ọmọ tuntun.
Afẹ́fẹ́ òkun, tí ilé iṣẹ́ kankan ò rọ, mí lẹ́ẹ̀kan.
Bọ́ọ̀lù yọ̀ kọjá ihò, ó ń yí, ó ń yí,
ó wọ kòtò, ó jókòó.

Ta ló borí? Ẹ má bi Murdo.
Lẹ́yìn odi, Effie ń ka àgùntàn rẹ̀.