Ògiri Ẹ̀yìn Pẹpẹ

Èmi ni mo po ọ̀dà fún Tolúhì ará Ògìdì
lọ́dún tí Fadá Obájẹmú tún ṣọ́ọ̀ṣì Ìyàmoyè ṣe:
osùn nínú agolo mílíìkì, ẹfun nínú igbá,
aró láti inú ìkòkò ìyá rẹ̀,
tó ń rùn títí dé ojú títì Ọ̀muò.

Kí ọ̀dà tó dé ni Fadá ti ṣí ìwé owó.
Àbúrò akápò ló ń kọ̀wé,
ọmọ àbúrò ló ń lu aago,
owó ìsìnkú ti di àpò kọfí nínú àká ẹnìkan.
Ó pe ìpàdé. Ìpàdé ọjọ́ mẹ́ta
ló jẹ òjò méjì àti ọyẹ́ kan.
Wọ́n ní, "Òrùlé ń jò,
ẹ ń sanwó fún ẹni tó ń ya ọ̀run àpáàdì!"
Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ohun tó ń jò."

Lálẹ́ ó fi àwòrán Póòpù àtijọ́ kan hàn wá,
arúgbó onírùngbọ̀n, èjìká rẹ̀ ti tẹ̀.
"Eléyìí bímọ kó tó dadé.
Ó dé fìlà pupa fún ọmọ-ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n.
Òun náà ló pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ pé ká gbá ilé Ọlọ́run,
tí kò jẹ́ kí ayàwòrán sinmi
títí ọjọ́ ìdájọ́ fi hàn lára ògiri."
Ó nu dígí ojú rẹ̀.
"Ọwọ́ tó dọ̀tí náà lè gbé ìgbálẹ̀."

A kò bi í léèrè.
Ṣùgbọ́n Tolúhì wà níbẹ̀.

Ó ti ya akápò, àpò kọfí lọ́rùn;
ó ti ya ara rẹ̀, gbèsè ẹmu lọ́wọ́.
Ojú kan ló ṣófo.
Àárọ̀ Ọjọ́rú Eérú la bá a níbẹ̀:
Fadá, láìwọ bàtà,
ó di ọwọ́ ọmọbìnrin kékeré kan mú,
oníwájú gbọọrọ bíi tirẹ̀,
ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ tí a máa ń pè ní ọmọ àbúrò Fadá.

Akápò rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹfun, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì.
Fadá gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀.
"Ẹ fi sílẹ̀."
Ó lọ wọṣọ Máàsì, ó fi eérú sí wa níwájú,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, díẹ̀ bọ́ sí mi lójú.

Wọ́n gbé e kúrò kí kọfí tó pọ́n.
Òrùlé ṣì ń jò; omi ti fọ ẹrù lọ́rùn akápò.
Lọ́dún tó kọjá obìnrin kan wọlé, ó ní, "Ọ̀kún o,"
ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó pẹ́ níbẹ̀,
ó wá bi mí pé ta ló po aró yìí.