Ìwé Ìwọ̀n Kùbúrà

Kùbúrà, jókòó sórí àpótí yẹn,
má jókòó lé aṣọ oníbàárà.
Iná ti lọ láti àárọ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń wa ẹ̀rọ,
gbogbo Alẹ́kúwodò dákẹ́ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.
O ní kí n má tíì rán búláòsì náà.
O ní o ń gbé ikùn rẹ lọ sí Èkó,
wọn yóò fi ọ̀pá tín-ín-rín fa ọ̀rá inú rẹ̀ jáde.

Jẹ́ kí n ṣí ìwé ìwọ̀n.
Ojú ewé rẹ rèé, yíǹkì ti ń ṣá:
méjìdínlọ́gbọ̀n, ọdún tí o ṣe yìgì.
Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, lẹ́yìn Sọ̀fíyà.
Márùndínlógójì, lẹ́yìn àwọn ìbejì
tí wọ́n là ọ́ gbé jáde ní Asúbíaró lóru,
tí èmi àti ìyá rẹ jókòó lórí bẹ́ǹṣì,
tí a ò lè wo ojú ara wa.
Mélòó lónìí? Mi ò tíì kọ ọ́.

Mi ò ní sọ fún ọ pé o rẹwà bẹ́ẹ̀.
Gbogbo ayé ló ń sọ ìyẹn, kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.
Èmi náà ti dúró níwájú dígí yìí rí,
mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù,
mo fi ọwọ́ méjèèjì fa awọ ikùn mi sẹ́yìn
bí ẹni ń fi pín-ìn-nì há aṣọ,
mo ní: báyìí ni ì bá rí.

Ṣùgbọ́n mo mọ aṣọ.
Èyí tí mo bá gé kéré jù, mo lè lẹ̀ ẹ́.
Mo máa ń fi íǹṣì méjì pamọ́ sínú ojú rírán
nítorí oyún, nítorí ọdún Iléyá.
Awọ èèyàn kò ní íǹṣì méjì nípamọ́.

Obìnrin kan wá síbí lóṣù tó kọjá,
mi ò ní dárúkọ rẹ̀,
ó ní kí n bá òun tún aṣọ afúnra kan ṣe,
èyí tí wọ́n ní kó máa wọ̀ tọ̀sán-tòru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.
Mo fi téèpù yí i ká, ó mí kanlẹ̀.
Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún jọ̀lọ̀,
ẹ̀gbẹ́ òsì rí gbágungbàgun bí ọ̀nà lẹ́yìn òjò.
Ó ní, wọn ò sọ fún mi.
Mo ní, ṣé o bi wọ́n?
Ó wolẹ̀.

Nítorí náà bèèrè, má tijú.
Ta ni yóò mú abẹ dání, níbo ló ti kọ́ iṣẹ́ yìí gan-an?
Ta ni yóò kùn ọ́ lóorun,
ṣé yóò sì jókòó tì ọ́ títí o ó fi lajú?
Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì, tó rìn dé ẹ̀dọ̀fóró,
ilé ìwòsàn wo ni wọn yóò gbé ọ sáré lọ?
Sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru tí o máa ń pè ní àárẹ̀ lásán.
Bí wọ́n bá ní owó yóò dín bí o bá mú ọ̀rẹ́ dání,
gbé báàgì rẹ, jáde.
Sì mọ̀ pé ọ̀rá tó ṣẹ́kù, bí o bá ń bọ́ ọ,
yóò wá yàrá mìíràn gbà nínú ilé kan náà.

O ní Mùkáílà ò sọ nǹkan kan.
Bóyá ìyẹn gan-an ló ń dùn ọ́.

Wọ́n ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.
Ta ló bi eku?

O ká ìbéèrè mi sínú pọ́ọ̀sì,
mo kọ wọ́n sẹ́yìn bébà tí mo fi ń gé ọrùn aṣọ.
O dìde, o gbé apá sókè.
O ní, ó yá, wọ̀n mí.
Mo wọ̀n ọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Mi ò kà á sókè.