Àṣá Fò Lọ, Ẹkùn Wàjà

Ní Ọ̀gọ̀tún, ọdún tí ìjì ká òrùlé kíláàsì wa lọ,
Ọ̀gbẹ́ni Fásùúyì fi ẹfun ya ọkùnrin kan sójú pátákó:
èjìká ènìyàn, orí àṣá.
A rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn wá.
Kò bá wa rẹ́rìn-ín.
"Ọba Íjíbítì rè é. Bó bá wà lórí ìtẹ́, àṣá ni.
Bí ọjọ́ bá pé, wọn kò ní sọ pé ó kú.
Wọ́n á ní: àṣá ti fò lọ sójú ọ̀run."

Ó sọ ti akọ màlúù dúdú tó ní àmì funfun níwájú orí,
tí wọ́n ń fi òróró pa lára,
tí wọ́n sin bí ọmọ ọba sínú pósí òkúta.
Mo gbọ́, n kò gbọ́.
Bàbá bàbá mi ni mò ń rí,

Ọdẹ́bùnmi, ọdẹ òru.
Ẹtu ló wá lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè;
ojú tí iná orí rẹ̀ bá pàdé kì í ṣe ojú ẹtu.
Ìbọn ti dún kó tó mọ̀.
Kò sá. Kò yọ̀. Ó ṣí fìlà,
ó dọ̀bálẹ̀ fún ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa.

Wọ́n gbé e wọ ààfin lórí ẹní tí ìyá mi ń hun,
kò tíì parí etí rẹ̀.
Wọ́n fi aṣọ funfun di ojú ẹkùn náà,
torí ọba méjì kì í wo ojú ara wọn.
Ìjòyè kan ṣi ọ̀rọ̀ sọ: "Ẹkùn tó kú yìí…"
Kábíyèsí yíjú sí i.
Ó gbé itọ́ mì. "Ẹkùn tó wàjà."

Ni mo bá nawọ́ sókè ní kíláàsì:
"Ọ̀gá, àṣá yẹn, ó wàjà ni."
Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Fásùúyì nìkan
ló gbé ẹfun sílẹ̀, tó wo òrùlé tí kò sí,
ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

N kò mọ ẹni tó sọ fún ẹni. Odò wọn jìn sí wa.
Bóyá ẹnikẹ́ni kò sọ fún ẹnikẹ́ni;
bóyá ẹni tó bá fẹ́ forí balẹ̀ fún ènìyàn bíi tirẹ̀
á kọ́kọ́ lọ yá èékánná tàbí ìyẹ́ wá fún un.

Kò sí ẹkùn mọ́ lórí òkè wa.
Awọ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọba tuntun, ẹ̀rọ ló tẹ àmì sí i lára;
mo rí bébà iye owó lẹ́yìn rẹ̀, mo gbójú kúrò.
Ṣùgbọ́n lálẹ́ àná, nǹkan rìn nínú àjà ilé, jẹ́jẹ́.
Mo gbé igi. Ìyá mi, tí kò ríran mọ́, ní:
"Mọ́ lé e. Ulé rẹ̀ ni."
Ológbò ni.
Mo rò pé ológbò ni.