Lẹ́tà Tí Ẹnu Kì Í Pè

Hanus àbúrò mi ló so àfikún náà mọ́ búráúsà fún Màmá,
ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, afẹ́fẹ́ òkun ń gbá fèrèsé,
ẹja tí a sá kọ́ òrùlé ìta ń fì síwá, fì sẹ́yìn.
"Ẹ wò ó, á máa ka ohun tí ẹ bá kọ.
Bí sípẹ́lì bá ṣì, á fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀.
Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ki, ẹ tẹ ibí.
Bí ẹ bá fẹ́ kó fẹ̀gbẹ́ tì, ẹ tẹ ọ̀hún."
Ó mu tíì tán, ó wọ bàtà, ó bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ lọ.

Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ nìkan ló kù ní erékùṣù wa.
Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti gé ti òwúrọ̀ kúrò,
ohun tí Màmá sì fẹ́ bá wọn sọ nìyẹn.

Ó bọ́ òrùka. Ó ń fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́.
Gbólóhùn kìn-ín-ní, ìlà pupa mẹ́rin.
Èkejì, mẹ́fà,
àfi bí ẹni pé wọ́n fi ojú ìwé nu ọ̀bẹ ẹja.
"Ta ló pè é? Ilé ta ló ti wá?
Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mo ti ń sọ èdè yìí,
n kò tíì rí ẹni tó ní òun kò gbọ́ mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. ð ni kò kọ.
Lẹ́tà tó ń gbé inú veður, ojú ọjọ́ wa,
tó ń gbé inú maður, ọkùnrin,
tí ẹnu kì í sì í pè.
Ahọ́n ń gba orí rẹ̀ kọjá
bí ọkọ̀ ṣe ń gba orí àpáta abẹ́ omi.

"Kí la fẹ́ fi lẹ́tà tó yadi ṣe?
Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé, ṣé a máa ń fún un ní àga ni?"
Mo ní, "A máa ń fún un."
Ó pòṣé. Ó ń bá títẹ̀ lọ.

Ó wá rí bọ́tìnnì tó ń mú ọ̀rọ̀ ki.
Ó mú *òwúrọ̀* ki, ó mú *ìtìjú* ki,
kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi sanra
bí àgbò tí ń dúró de ìgbà ìwọ́wé.
Mo ní ẹni tó bá pariwo láti òkè délẹ̀, ta ni yóò gbọ́ ọ?
Ó tú gbogbo rẹ̀ ká, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀:
dókítà.

Ìparí ló ti kọ ọ́ pé
ọkọ òun ló wa ọkọ̀ yẹn fún ọdún mẹ́rìnlélógún,
kò sí òwúrọ̀ tí kò lọ,
àfi èyí tí ìgbì bá ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì.
Ó kọ orúkọ rẹ̀: Bárur.
Ìlà pupa.
Ẹ̀rọ náà rọra na òmíràn sí i,
bí ẹni ń na áńkáṣífù síni:
Bárður.

Kò tẹ nǹkan kan. Mo ń gbọ́ fìríìjì tó ń kùn.
Àga Bàbá wà lẹ́bàá fèrèsé. Ọdún kẹta rèé
tí a ń fẹ̀gbẹ́ gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú abọ́ gbígbóná lọ́wọ́,
ẹnikẹ́ni kò sì gbé e kúrò.

Ó tẹ̀ ẹ́. ð.
Ó padà sókè, ó ń wá wọn kiri,
veður, maður,
ó ń fi wọ́n jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ìlà pupa kan ló kù: orúkọ èbúté kékeré ẹ̀yìn ilé wa.
Ẹ̀rọ ní àbí ẹ̀wù òjò ló fẹ́ kọ.
"Ìyẹn," ni Màmá wí, "èmi ni màá kọ́ ọ."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án èsì dé. Ìlà mẹ́ta.
Wọ́n ti rí i. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n kí wa.
Màmá gbé e sínú àpótí ìkọ̀wé tirẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ.
Pupa yọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́,
ó nu ojú, ó sì fèsì.
Kò kí wọn, kò fọwọ́ síwèé.
Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ, ó mú un ki:

ð